Líìsì epo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ní Texas ti pé ọdún 3, wọ́n tún ní kí n wá sáìnì. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dáre Ìṣọ̀kun

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú àsìkò yìí o. Ìṣọ̀kun ni mò ń gbé ní Ilésà níbí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé iwájú yín, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ kó ràn mí lọ́wọ́, torí Dáre ọmọ mi tó yẹ kó bá mi wò ó, Pọtá ló wà, ohun tó máa ń sọ lórí fóònù ò ju "Mọ̀mí ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀" lọ, láti ọdún tuntun la ti wà lórí mò ń bọ̀ yẹn.

Texas ni ọkọ mi ti kàwé, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ibẹ̀ náà ló ti ṣiṣẹ́, èmi náà bá a gbé níbẹ̀ kí n tó kó àwọn ọmọ wálé. Ní 1991 ó ra ilẹ̀ éékà 80 lápá ìwọ̀ oòrùn Texas lọ́hùn-ún, ìlú tó sún mọ́ ọn ni wọ́n ń pè ní Pecos. Aṣálẹ̀ ni o. Mo bá a jà gan-an nígbà yẹn, mo ní kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ tí koríko gan-an ò fẹ́ hù sí ṣe nígbà tá ò tíì kọ́lé sí Ilésà. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ bọ̀ wálé ní 2005 ó ta ilẹ̀ náà, àmọ́ ó ní òun ò ta ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tán, ó ní òun di ìdajì ẹ̀ mú. Mo rò pé àwàdà ni. Ta ló ń ta ilẹ̀ tí kì í ta ìsàlẹ̀ ẹ̀?

Àfi bó ṣe di 2022 tí kọ́ńpìnì epo kan wá a kàn pé àwọn fẹ́ gba líìsì ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ó sáìnì, wọ́n san owó fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun la fi tún òrùlé ṣe, èyí tó kù la fi tọ́jú ẹ̀ nígbà tí àìsàn dé. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Látìgbà yẹn kò sówó kankan, mi ò sì gbọ́ pé ẹnì kankan gbẹ́ kàǹga epo síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, nínú oṣù kẹfà 2025 tá a wà nínú ẹ̀ yìí, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí n sáìnì ìwé kan pé mo fara mọ́ líìsì àtijọ́ àti pé mo fi ọdún 2 kún un, kí n fi ránṣẹ́ padà láàárín ọjọ́ 10. Sọ̀wédowó wà nínú ẹ̀, dọ́là 2,000, wọ́n ní dọ́là 50 lórí éékà kọ̀ọ̀kan, éékà 40. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí dọ́là 2,000 lè ṣe ní Ilésà lónìí, mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi ti ń yún mi.

Mo lọ tú àpótí tó kó aṣọ òkè ẹ̀ sí, kàńfọ̀ ń ta mí nímú, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá líìsì náà, pín-ìn-nì tí wọ́n fi dè é ti dípẹtà mọ́ ọn lára. Ojú ìwé 9, lẹ́tà inú ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tí mo rí kà ni pé ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2022 ni wọ́n kọ ọ́, ọdún 3 ni, "àti ìgbà yòówù tí epo tàbí gáàsì bá ṣì ń jáde". Ṣé ó ti parí ni àbí kò tíì parí? Tó bá ti parí, kí ni wọ́n tún ń wá mi fún? Ṣé kí n gba owó náà?

Ọmọ Àtàkúnmọ̀sà

Mọ̀mí ẹ má da ara yín láàmú rárá. Epo abẹ́ ilẹ̀, ìjọba ló ni ín, ó wà nínú òfin 1999 gbangba, ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, oore ló ṣe yín. Ẹ gba dọ́là yín kí ẹ fi ra ìrẹsì àti epo, epo pupa ni mò ń wí o 😂

Ará Ìjámọ̀ ní Houston

Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú bàbá wa. Ẹ má tíì sáìnì nǹkan kan. Ẹ má sì gbé sọ̀wédowó yẹn lọ sí báńkì kankan, ẹ dá a padà sínú àpò lẹ́tà tó bá wá, kẹ́ ẹ ka èyí tán ná. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ọdún 14 nìyí, ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí ní kánńtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ni mò ń jókòó sí látàárọ̀, mò ń wá ẹni tó ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ káàkiri fún àwọn kọ́ńpìnì epo. Ìyẹn ni pé agbo àwọn tó kọ lẹ́tà sí yín ni mo wà, mo mọ ohun tó wà nínú wọn.

Àbúrò mi ọmọ Àtàkúnmọ̀sà, Nàìjíríà lò ń sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ Texas ni mọ̀mí bèèrè. Lọ́hùn-ún ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó sì lè ta òkè kó di ìsàlẹ̀ mú, bí bàbá yẹn ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Ṣebí nílé wa náà, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé kan kí igi kòkó orí ẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì, onílẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ẹni tó gbin kòkó ń ká kòkó ẹ̀. Royalty, ìyẹn ìpín tí ẹni tó ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ń gbà nínú owó epo tí wọ́n bá tà, kẹ́ ẹ pè é ní ìṣákọ́lẹ̀ epo, ẹ ò jìnnà.

Ó kan líìsì. Líìsì epo, ẹ̀mí 2 ló ní. Ẹ̀mí àkọ́kọ́ ni iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, tiyín jẹ́ 3, 3 yẹn náà ló wọ́pọ̀ lápá ibẹ̀ báyìí. Láàárín ọdún yẹn kọ́ńpìnì lè má fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn rárá, owó tí wọ́n kọ́kọ́ san fún bàbá ni wọ́n fi ra àǹfààní pé kí ẹlòmíì má dé ibẹ̀. Ẹ̀mí kejì ló wà nínú gbólóhùn tẹ́ ẹ kà yẹn, "ìgbà yòówù tí epo bá ṣì ń jáde". Tí epo bá ń jáde lọ́jọ́ tí ọdún 3 pé, tó sì ń pa èrè lórí owó tí wọ́n ń ná sí i lóṣooṣù, líìsì yẹn lè wà láàyè 40 ọdún, ọmọ ọmọ yín á bá a níbẹ̀. Tí kò bá sí èyí tó ń jáde, ó kú nìyẹn. Ní Texas kò sí pé ẹnì kan ń lu agogo, kò sí pé a ń lọ kóòtù kí adájọ́ tó kéde ẹ̀, ọjọ́ tó pé ló ń pa á. Tiyín, àárín oṣù kẹta ọdún yìí ló yẹ kó ti kú.

Ó yẹ ni mo wí o, torí ohun tó lè mú un wà láàyè láìjẹ́ pé ẹ̀yin mọ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹ ní ẹ ò gbọ́ pé wọ́n gbẹ́ kàǹga. Kàǹga ayé ìsìnyí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni ẹnu ẹ̀ ń parí sí mà, wọ́n á gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó yí i dùbúlẹ̀, ó lè fi ìbú lọ ní máìlì 2. Ẹnu kàǹga lè wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíì pátápátá kí wọ́n ti da ilẹ̀ yín pọ̀ mọ́ tàwọn aládùúgbò sínú agbègbè kan ṣoṣo, unit ni wọ́n ń pè é, kàǹga kan nínú unit yẹn á máa mí fún gbogbo líìsì tó wà nínú ẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé tí éékà 10 péré nínú 80 bá wọ unit, 70 tó kù náà lè wà nígbèkùn, àfi tí Pugh clause bá wà nínú líìsì. Lọ́yà kan ní Louisiana tó ń jẹ́ Pugh ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1947, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ohun tí kò bá sí nínú unit, kó bọ́ lọ́jọ́ tí ọdún pé. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, líìsì á dúró dè wọ́n kí wọ́n parí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ dé lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la. Owó shut-in náà wà, ìyẹn tí kàǹga gáàsì bá ti wà tó lè mú nǹkan jáde àmọ́ tí wọ́n pa ẹnu ẹ̀ dé torí kò sí ọ̀nà láti gbé e lọ tà, wọ́n á máa san owó kékeré kan lọ́dún bíi pé epo ń jáde.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá jù ni ibi tí wọ́n bá kọ option to extend sí. Ọ̀pọ̀ líìsì apá ibẹ̀ ló ní in. Ó ń fún kọ́ńpìnì láyè láti fi ọdún kún un láìbi onílẹ̀, kí wọ́n ṣáà san iye báyìí kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ yẹn ṣe kókó, àwọn kóòtù Texas kì í gba "mo gbàgbé" lórí ẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn èyí: ṣé option wà níbẹ̀, èló ni, royalty mélòó ni wọ́n kọ, èló ni wọ́n san lórí éékà kan ní 2022? Kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ilẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ibi tí wọ́n kọ Section, Block àti Abstract sí, ẹ má gbé e síta níbí.

Ìyá Dáre Ìṣọ̀kun

Ẹ ṣeun ọmọ mi, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Iná ò sí lálẹ́ àná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kà á, mo wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń mọ́ ìrẹsì.

Royalty, ìdá kan nínú 5 ni wọ́n kọ. Owó tí wọ́n san ní 2022 jẹ́ dọ́là 600 lórí éékà kan, éékà 40, ó jẹ́ 24,000. Pugh, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, bóyá orúkọ míì ni wọ́n pè é. Àmọ́ mo rí option yẹn o! Ojú ìwé 6. Wọ́n ní àwọn lè fi ọdún 2 kún un tí àwọn bá san "iye kan náà tí àwọn san níbẹ̀rẹ̀", kí ọjọ́ tó pé tàbí lọ́jọ́ tó bá pé gan-an.

Ìgbà tí mo kà á débẹ̀ ni mo fi fóònù lélẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á sí? 24,000 ló yẹ kí wọ́n san kí oṣù kẹta tó tán, wọn ò san án, wọ́n wá gbé 2,000 wá ní oṣù kẹfà?

Ará Ìjámọ̀ ní Houston

Ẹ kà á re mọ̀mí. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀wé nìyẹn. Líìsì ti kú lọ́wọ́ wọn, àwọn náà mọ̀, sáìnì yín nìkan ló lè jí òkú yẹn dìde. Ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sáìnì yẹn, ratification lorúkọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti jẹ́rìí pé líìsì 2022 ò tíì kú rí nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo àbùkù inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ̀wédowó, tẹ́ ẹ bá gbà á wọlé, wọ́n lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé ṣebí ẹ jẹ owó ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ yí i wò dáadáa, ó lè má jẹ́ sọ̀wédowó gidi, draft ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ránṣẹ́, tí báńkì ò ní san títí ọjọ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kọ́ńpìnì sì lè kọ̀ láti san, bẹ́ẹ̀ ìwé tẹ́ ẹ sáìnì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ló kù tó ń kọ mí lóminú: ṣé ó dá yín lójú pé wọn ò san 24,000 yẹn síbì kankan? Kọ́ńpìnì lè ti fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí bàbá kọ sínú líìsì tàbí kí wọ́n san án sínú àkáǹtì ẹ̀, bí líìsì bá gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀, sísan ni sísan, kódà bí ẹni tó ni ín ti lọ. Mi ò rò pé wọ́n á tún gbé 2,000 wá tí wọ́n bá ti san 24,000, àmọ́ ẹ bá mi wádìí ẹ̀.

Mo ti wo ilẹ̀ yẹn lórí máàpù Railroad Commission. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí orúkọ yẹn, 1891 ni wọ́n dá a sílẹ̀ torí ọkọ̀ ojú irin lóòótọ́, àmọ́ láti 2005 wọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin mọ́, àwọn ló ń mójú tó epo àti gáàsì Texas, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹnikẹ́ni lè wò ó láti Ilésà. Mi ò rí kàǹga kankan lábẹ́ ilẹ̀ yín, mi ò rí unit tí wọ́n kó o sí, mi ò rí ìwé àṣẹ gbígbẹ́ kankan, W-1 ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ohun tí mo rí tó bíi máìlì kan sí yín ni W-1 mẹ́ta tí kọ́ńpìnì míì gbà lọ́dún yìí. Wọ́n ń bọ̀ lápá ibẹ̀. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ dá ìwé padà láàárín ọjọ́ 10. Ọjọ́ 10 yẹn ò sí nínú òfin kankan, àwọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ kí àyà yín lè já.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó ni wọ́n ń lóṣòó sí títí wọ́n á fi gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí kọ́ńpìnì ló yẹ kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan.

Ọmọ Àtàkúnmọ̀sà

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì mi jẹ o. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé wọ́n rí epo lóòótọ́, èló ló máa ń kan ẹni tó ni éékà 40?

Ará Ìjámọ̀ ní Houston

Ẹ ṣe é báyìí: éékà yín, pín in sí éékà unit, kẹ́ ẹ wá fi royalty lù ú. 40 nínú unit 640, ní ìdá kan nínú 5, ó jẹ́ 0.0125. Ìyẹn ni pé nínú dọ́là 100,000 epo tí wọ́n bá tà, 1,250 ni ti mọ̀mí. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú 4 ni wọ́n kọ, á di 1,562 àti sẹ́ǹtì 50. Àwọn ará àtijọ́, ìdá kan nínú 8 ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á tún dúpẹ́. Ẹ rí i pé owó tí wọ́n ń fi síwájú èèyàn yẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ gan-an, ìdá yẹn ni, torí òun ló máa bá yín lọ títí kàǹga fi máa gbẹ.

Bàbá Ìbejì Láagéré

Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀. Mà, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀ Pecos báyìí? Ti bàbá ni, mo mọ̀. Òfin Texas ló ń darí ilẹ̀ Texas, ìwé tí kóòtù Ọ̀ṣun bá fún yín lórí dúkìá ẹ̀ ò tó nǹkan lọ́hùn-ún fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan kú sí Dallas, ojú wa rí màbo, ọdún kan àtààbọ̀ gbáko ká tó yanjú ẹ̀, owó ń bẹ ńlẹ̀ tá ò lè fọwọ́ kàn án.

Tí bàbá bá kọ wíìlì, ẹ máa nílò kóòtù lọ́hùn-ún. Tí kò bá kọ, wọ́n máa ń lo affidavit of heirship, àwọn ẹlẹ́rìí 2 tó mọ ìdílé yín tí wọn ò sì ní ìpín kankan nínú ogún náà á búra síta nípa ẹni tó fẹ́ àti àwọn ọmọ tó bí, wọ́n á wá lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánńtì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bèèrè yìí, mi ò retí kẹ́ ẹ dáhùn ẹ̀ níta: ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ bímọ fún un? Ní Texas, ohun tí tọkọtaya rà nígbà tí wọ́n jọ wà, tí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì tó sì jẹ́ pé ìyàwó ló bí gbogbo ọmọ ẹ̀, ìyàwó ló ni gbogbo ẹ̀. Tí ọmọ ìta bá wà, ìdajì bàbá nínú ẹ̀ ti di tàwọn ọmọ nìyẹn, gbogbo wọn. Ó sàn kẹ́ ẹ ti mọ̀ báyìí ju kí ẹnì kan yọjú láti Ìlọrin lọ́jọ́ tí royalty bá bẹ̀rẹ̀.

Ti owó orí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì gbé ibẹ̀, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n máa ń yọ lára royalty kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, fọ́ọ̀mù W-8BEN lẹ máa kọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà tó ń dín in kù, Nàìjíríà ò ní. Ọ̀nà míì wà tí wọ́n fi lè gba owó orí lórí èrè nìkan dípò gbogbo owó, àmọ́ ẹni tó mọ owó orí Amẹ́ríkà ló máa bá yín ṣe é. Kẹ́ ẹ tún bá mi wo wẹ́ẹ̀bù Comptroller Texas, ibi tí wọ́n ń kó owó tí wọn ò rí olówó ẹ̀ sí, ẹ tẹ orúkọ bàbá síbẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí dọ́là 811 ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Ìgún

Mò ń ka gbogbo èyí, inú ń bí mi díẹ̀ torí tiwa níbí. Góòlù ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tiwa lápá Ìgún lọ síbi tó fi dé Ìpẹ̀rìndó, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kọ́ńpìnì Ṣẹ̀gilọlá ti ń yọ góòlù láti 2021. Àwa kì í gba royalty o, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á, ohun tí òfin ìwakùsà 2007 fún onílẹ̀ ni owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ àti irè oko, àti àdéhùn tí kọ́ńpìnì gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kan àwa náà. Líìsì kékeré tí wọ́n fi ń wa góòlù, ọdún 5 ni, ìwé àṣẹ láti wá a kiri jẹ́ ọdún 3, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 2-2, líìsì ńlá jẹ́ 25. Àwọn kan gbé ìwé wá bá àwọn olórí ìdílé wa ní ọjọ́ kan, wọ́n fún wọn ní ọtí àti owó díẹ̀, wọ́n sáìnì. Nígbà tí mo bèèrè pé ìgbà wo ni tiwọn máa parí, gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Ẹ̀dà ìwé gan-an ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mò ń lọ sí Mining Cadastre Office ní Àbújá, ibi tí wọ́n ń kọ ìwé àṣẹ ìwakùsà sí, tí mo bá ti rí owó ọkọ̀.

Ìyá Dáre Ìṣọ̀kun

Bàbá Ìbejì, mi ò bínú rárá. Mo mọ ọkọ mi, mo sì mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀ 😄 Ọmọ mẹ́ta, èmi ni mo bí wọn.

Mo pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà ní Dallas tí wọ́n fi àdírẹ́sì ẹ̀ sínú líìsì. Ó ní kò sí lẹ́tà kankan tó dé láti ọdún tó kọjá àfi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àkáǹtì báńkì Amẹ́ríkà ẹ̀, Dáre ló tì í pa ní 2023, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà wọn ò san án.

Àmọ́ kò tíì yé mi dáadáa: tí líìsì ti kú tí èmi náà sì mọ̀ pé ó ti kú, ṣé kí n kàn jókòó ni?

Ará Ìjámọ̀ ní Houston

Rárá mà, torí lórí ìwé kánńtì líìsì ṣì wà níbẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tuntun tó bá fẹ́ bá yín ṣe á rí i, ẹ̀rù á bà á. Release lẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn, ìwé pé àwọn ti jọ̀wọ́ ẹ̀, kí wọ́n lọ fi í sílẹ̀ ní Pecos. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: líìsì ọjọ́ báyìí, ọdún ẹ̀ ti pé, ẹ ò lo option, sọ̀wédowó yín rèé mi ò gbà á, ẹ fún mi ní release. Ẹ má bú wọn, ẹ má ṣàlàyé púpọ̀, àwọn náà lè padà wá fún yín ní owó gidi. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò tojú tẹ̀yìn, kẹ́ ẹ lo kúríà tó ń fúnni ní nọ́ńbà.

Kẹ́ ẹ wá wá lọ́yà Texas kan, kì í ṣe lọ́yà lásán, wọ́n ní àwọn tí ìgbìmọ̀ wọn fún ní ìwé ẹ̀rí lórí òfin epo, gáàsì àti ohun alumọ́ọ́nì, nínú wọn ni kẹ́ ẹ ti mú. Líìsì tuntun tó bá máa kọ, kó jẹ́ kí Pugh wọ inú ẹ̀, kì í ṣe ti òkè nìkan, ti jíjìn náà, torí epo apá ibẹ̀ wà ní ìpele-ìpele, Bone Spring lókè, Wolfcamp nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kàǹga òkè fi ti ìsàlẹ̀ há. Kí owó shut-in ní ìparí. Kí wọ́n má yọ owó ìgbéǹkanlọ kúrò nínú royalty yín. Kó sì kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí líìsì bá kú, àwọn ni wọ́n máa mú release wá láìjẹ́ pé ẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Dáre Ìṣọ̀kun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sọ̀wédowó ti padà lọ lánàá, kúríà gba owó tó dùn mí, mo ya fọ́tò ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọmọbìnrin tó gba àpò náà lọ́wọ́ mi bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní ìwé ni, mi ò lè sọ fún un pé dọ́là 2,000 ni mò ń dá padà, wọ́n á ní orí mi ti yí.

Lọ́yà kan ti fèsì ímeèlì, ó ní òun máa kọ́kọ́ wo ìwé 2005 tí ọkọ mi fi di ìdajì mú kóun tó sọ̀rọ̀ owó. Ìwé yẹn ni mi ò tíì rí. Mo ti tú àpótí kejì, aṣọ ni gbogbo ẹ̀. Ó ku àpò àwọ̀ kan tó wà lórí àjà, tí ọwọ́ mi ò tó. Dáre ní òun máa wọlé ní Sátidé, lọ́tẹ̀ yìí ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní kó ra dígí tó ń sọ lẹ́tà di ńlá bọ̀ fún mi.